Freyja láìsí ìwo lórí: bí wàá ṣe rán aṣọ òrìṣà obìnrin àwọn Viking

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Leeds ni mo ti ń kàwé. Nínú oṣù Èrèlé, èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi fẹ́ lọ síbi ọdún Viking tí wọ́n máa ń ṣe ní York, mo sì fẹ́ múra bíi Freyja. Gbogbo àwòrán tí mo rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló ní àṣíborí oníwo, irin àyà àti irun yẹ́lò. Ṣé dandan ni? Aláàdìrẹ ni màmá mi ní Abẹ́òkúta, wọ́n lè bá mi rẹ aṣọ ọ̀gbọ̀ láró. Mo tún ní iyùn tí wọ́n fún mi. Ṣé mo lè lò wọ́n? Mo mọ máṣíìnì lò dáadáa, àmọ́ mi ò rán aṣọ eré rí.

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o kú ìmúra ọdún o. Kò sí èyí tó jẹ́ dandan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, inú mi sì dùn pé o béèrè kó o tó náwó lé wọn lórí.

Ti ìwo ò ṣòro. Àṣíborí Viking tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé jù lọ lọ́wọ́ àwọn awalẹ̀pìtàn, Gjermundbu ní Norway ni wọ́n ti rí i lọ́dún 1943. Irin ni, irin yí ojú méjèèjì po, kò sì níwo. Àwọn àṣíborí oníwo tí wọ́n rí ní Veksø, ní Denmark, ti wà nílẹ̀ ní nǹkan bí 1,700 ọdún kí ẹnikẹ́ni tó máa jẹ́ Viking. Orí ìtàgé ló gbé ìwo fún wọn. Ní Bayreuth, ní Jámánì, lọ́dún 1876, Carl Emil Doepler ló ṣe aṣọ fún eré olórin ńlá tí Wagner kọ nípa àwọn òrìṣà wọ̀nyí. Ìwo àti ìyẹ́ apá ẹyẹ tó fi sórí àwọn òṣèré wọ àwọn èèyàn lójú débi pé wọn ò bọ́ ọ kúrò lórí Viking mọ́ títí dòní. Irin àyà náà, ìtàgé àti géèmù orí kọ̀ǹpútà ló sọ ọ́ di gbajúmọ̀. Ìtàn ò gbé e wọ Freyja. Ní ti irun yẹ́lò, Sif, ìyàwó Thor òrìṣà àrá, ló ni irun wúrà: Loki, ẹlẹ́tàn àárín àwọn òrìṣà, ló gé irun rẹ̀ kúrò lórí, àwọn aràrá sì fi wúrà rọ òmíràn fún un. Edda, àwọn ìwé àtijọ́ tí ìtàn àwọn òrìṣà yìí wà nínú wọn, ò sọ àwọ̀ irun Freyja. Irun orí tìẹ ni kó o gbé lọ sí York. Màá padà sórí ẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kó o kọ́kọ́ ṣe kò tíì kan aṣọ. Mú ojú ìtàn kan ṣoṣo. Kí n tó gbé téèpù fún ẹnikẹ́ni, ohun tí mo máa ń béèrè ni pé: níbo ni ẹni tí à ń rán aṣọ fún yìí wà, kí ló sì ń ṣẹlẹ̀ sí i ní wákàtí náà? Aṣọ òrìṣà máa ń bàjẹ́ nígbà tí aránṣọ bá fẹ́ kó gbogbo oríkì òrìṣà náà sára ẹnì kan. Oríkì Freyja sì pọ̀. Ọmọ Njord ni, arábìnrin Frey, ará ilé àwọn Vanir, ẹ̀yà kan nínú àwọn òrìṣà wọn. Nínú àwọn tó bá kú sójú ogun, òun ló ń mú ìdajì, Odin, olórí àwọn òrìṣà, á mú ìdajì yòókù. Ológbò méjì ló ń fa kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Òun ló kọ́ àwọn Aesir, ẹ̀yà òrìṣà kejì, ní seid, ìyẹn awo ìríran àti oògùn wọn. Ẹ̀wù ìyẹ́ àṣá wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tó bá sì gbé e wọ̀ á fò. Tó o bá kó ológbò, ọ̀pá awo, ìdà, ìyẹ́ àti wúrà sára lẹ́ẹ̀kan náà, ẹrù ni àwọn èèyàn máa rí, wọn ò ní rí obìnrin tó wà lábẹ́ ẹ̀.

Èyí tí mo bá ẹ mú nìyí. Snorri Sturluson ló kọ ọ́ sílẹ̀ ní Iceland ní nǹkan bí ọdún 1220. Od, ọkọ Freyja, bọ́ sọ́nà àjò jíjìn, kò padà wálé. Freyja sunkún, omijé rẹ̀ di wúrà pupa. Ó wá gbéra, ó ń wá ọkọ rẹ̀ kiri láàárín àwọn èèyàn tí kò mọ̀ rí, orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló sì ń jẹ́ lọ́dọ̀ wọn: Mardoll, Horn, Gefn, Syr. Obìnrin yìí ni kó o rán. Ọlọ́lá ni, ó ti rìn jìnnà. Aṣọ rẹ̀ dáa, etí rẹ̀ sì ti gbó díẹ̀. Ìyẹ́ wà léjìká rẹ̀ torí pé ó fò débẹ̀. Ẹ̀gbà ọrùn rẹ̀ ò kúrò lọ́rùn. Ohun tí ojú ìtàn yìí bá béèrè, fi sí i. Ohun tí kò bá béèrè, bó ti wù kó lẹ́wà tó, fi í sílẹ̀. Ìyẹn ni wàá fi mọ̀ pé ológbò àti ìdà ò sí nínú ọ̀rọ̀ tiwa.

Báwo la ṣe mọ irú aṣọ tí irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ń wọ̀? Ewì kan wà tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ aṣọ eré gan-an ló dá lé. Òmìrán kan tó ń jẹ́ Thrym jí òòlù Thor, ó ní àfi tí wọ́n bá fa Freyja lé òun lọ́wọ́ níyàwó ni òun á tó dá a padà. Nígbà tí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ Freyja, inú bí i. Ó fi imú mí kanlẹ̀, gbọ̀ngàn àwọn òrìṣà mì tìtì, Brisingamen, ẹ̀gbà ọrùn ńlá rẹ̀, sì já bọ́. Heimdall, òrìṣà kan láàárín wọn, ló dá a lábàá pé kí wọ́n múra fún Thor fúnra rẹ̀ bí ìyàwó, kí wọ́n gbé e lọ dípò Freyja. Ohun tí wọ́n kà sílẹ̀ ni aṣọ ọ̀gbọ̀ ìyàwó, Brisingamen lọ́rùn, kọ́kọ́rọ́ tó ń dún nídìí, aṣọ obìnrin tó wálẹ̀ dé orúnkún, òkúta fífẹ̀ láyà, àti orí tí wọ́n ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ dáadáa. Mo fẹ́ràn ewì yẹn gan-an. Nínú ìlà díẹ̀, akéwì náà to gbogbo aṣọ obìnrin ọlọ́lá kalẹ̀ fún wa, láti orí dé ìdí.

Ohun tó wà nínú sàréè sì jẹ́rìí sí i. Ní Birka, ìlú ọjà àtijọ́ tó wà ní erékùṣù Björkö ní Sweden, Hjalmar Stolpe bẹ̀rẹ̀ sí í walẹ̀ lọ́dún 1871, nígbà tó sì fi máa parí, ó ti ṣí sàréè bí 1,100. Léraléra ni wọ́n ń bá bùróòṣì méjì láyà obìnrin, wọ́n rí roboto bí ẹ̀yìn ìjàpá, ìlẹ̀kẹ̀ sì máa ń wà láàárín wọn. Aṣọ ti jẹrà tán, àmọ́ ìpẹta bùróòṣì pa díẹ̀ mọ́ lára rẹ̀: ọ̀gbọ̀ tí wọ́n ká wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, wúùlù, àti ojóbó okùn aṣọ. Ojóbó wọ̀nyẹn ló jẹ́ ká mọ̀ pé gáùn olókùn èjìká ni wọ́n ń wọ̀ lé ẹ̀wù abẹ́, tí wọ́n sì ń fi bùróòṣì dè é. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí bí gáùn náà ṣe rí ní ìsàlẹ̀, nítorí náà ààyè wà fún ìwọ tó ń rán an.

Ẹ̀wù abẹ́ ni kó o fi bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọwọ́ màmá rẹ ti máa wọlé. Ọ̀gbọ̀ ni kó o kó fún wọn, kó o sọ pé búlúù kan náà láti òkè délẹ̀ lo fẹ́, kó dúdú dáadáa, láìsí iṣẹ́ àdìrẹ kankan lára rẹ̀. Aró tó wà nínú elú àti èyí tó wà nínú woad, ewé tí àwọn ará Yúróòpù ìgbà yẹn fi ń rẹ aṣọ ní búlúù, aró kan náà ni. Wọ́n rí àjẹkù woad ní Coppergate, ní York tó ò ń lọ yẹn gan-an, nígbà tí wọ́n wú ilẹ̀ ibẹ̀ láàárín ọdún 1976 sí 1981. Tí ẹnikẹ́ni bá bi ẹ́ níbẹ̀ pé irú búlúù wo nìyí, o ní ìdáhùn tó dúró lórí ilẹ̀. Ṣùgbọ́n má fún màmá ní wúùlù. Omi eérú tí wọ́n fi ń po aró elú le jù fún irun àgùntàn. Ọ̀gbọ̀ àti òwú máa ń gbà á, àmọ́ wúùlù á le, á sì já wẹ́wẹ́ lọ́wọ́ ẹ. Mítà mẹ́ta tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 150 ti tó ẹ. Fọ ọ́ nínú omi gbígbóná kí wọ́n tó rẹ ẹ́, kí ó má bàa sún kì lẹ́yìn tó o ti gé e.

Gígé rẹ̀ á dùn mọ́ ẹ, torí pé kò sí kọ́bù rárá. Aṣọ tí wọ́n fi ọwọ́ hun wọ́n lówó lórí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gé e ní onígun mẹ́rin àti onígun mẹ́ta, kí ọ̀kankan má ṣòfò. Ara méjì, apá méjì tó ń tẹ́ẹ́rẹ́ bọ̀ lọ́nà ọrùn ọwọ́, aṣọ onígun mẹ́rin oní sẹ̀ǹtímítà 12 sí abẹ́ abíyá kọ̀ọ̀kan kí ọwọ́ lè gbé sókè, àti onígun mẹ́ta sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì láti ìbàdí wálẹ̀. Fi sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá kún ìwọ̀n àyà rẹ. Ọrùn rẹ̀ kó kéré, kó súnmọ́ ọrùn tìẹ, torí pé orí búlúù yẹn ni Brisingamen máa jókòó lé. Máṣíìnì kò burú fún ojú ìrán inú. Ìṣẹ́tí, ọrùn àti etí apá, ọwọ́ ni kó o fi rán wọn. Ojú ẹni tó bá dúró tì ẹ́ máa rí i, ó sì máa yàtọ̀.

Gáùn olókùn, wúùlù ni. Mú àwọ̀ tó rọra: búráùn tàbí eérú tí kò dán, irú èyí tí irun àgùntàn fúnra rẹ̀ máa ń ní. Mo mọ̀ pé pupa ló máa kọ́kọ́ wá sí ẹ lọ́kàn, wọ́n sì ń fi gbòǹgbò ewéko tó ń jẹ́ madder rẹ aṣọ ní pupa nígbà náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí pupa inú aṣọ yìí wà lọ́rùn àti lábẹ́ ojú nìkan. Ní Hedeby, tó wà ní àríwá Jámánì báyìí, wọ́n rí àkísà gáùn kan ní èbúté tó ti di ohun tí wọ́n fi ń kun ọ̀dà sára ọkọ̀ ojú omi. Àkísà náà fi hàn pé wọ́n ti ká a mọ́ra kó lè tẹ̀lé ìrísí ẹni tó wọ̀ ọ́. Nítorí náà, má rán àpò. Abala mẹ́ta ti tó, kí ó fún díẹ̀ láyà, kí ó sì ṣí láti ìbàdí wálẹ̀. Rán okùn ẹ̀yìn méjì tó gùn tó láti gba orí èjìká wá síwájú, kí ti iwájú méjèèjì kúrú bí ojóbó bọ́tìnì. Bùróòṣì ló máa so wọ́n pọ̀. Ibi tí bùróòṣì máa wà gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà: wọ́n á gbé e lé orí ọmú, ó sì di irin àyà padà. Abẹ́ egungun ọrùn ni kó wà, ní ìwájú èjìká. Bùróòṣì gidi máa ń gùn tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá. Nígbà tó bá dúró síbi tó yẹ, gáùn náà á dúró ṣinṣin lára ẹ. Gé ìṣẹ́tí rẹ̀ kó fi sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá gòkè kúrò nílẹ̀. Àwọn ère fàdákà kéékèèké ìgbà yẹn fi hàn pé aṣọ obìnrin ń wọ́lẹ̀ lẹ́yìn, àmọ́ wọn ò rin títì York nínú òjò oṣù Èrèlé.

Ó wá kan ẹ̀gbà ọrùn. Tí owó tàbí àkókò bá máa kù sí ibì kankan, kó má ṣe jẹ́ níbí. Freyja láìsí Brisingamen, obìnrin Viking kan ṣá ni. Nínú gbogbo ewì àti ìtàn tó dárúkọ rẹ̀, kò sí èyí tó sọ bó ṣe rí. Wọ́n sọ pé ó tóbi, wọ́n sọ pé ó já bọ́ nígbà ìbínú, ó parí síbẹ̀. Ìyẹn túmọ̀ sí pé ẹnikẹ́ni ò lè sọ fún ẹ pé bó o ṣe ṣe é kọ́ ló rí. Ère fàdákà kan wà tí wọ́n rí nínú sàréè obìnrin kan ní Aska, ní ẹkùn Östergötland ní Sweden. Obìnrin ni, ó gbé ọwọ́ lé ikùn, ìlẹ̀kẹ̀ sì tò ní ìlà-ìlà láti ọrùn dé àyà rẹ̀. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ló rò pé Freyja ni. Èmi máa ń wo ère yẹn ju àwòrán èyíkéyìí lọ. Ìlẹ̀kẹ̀ gba gbogbo iwájú rẹ̀, èyí tó kù lára aṣọ kàn ń gbé e ró ni.

Ìtàn kan tí wọ́n kọ sílẹ̀ ní Iceland ní ọ̀rúndún kẹrìnlá sọ pé aràrá mẹ́rin ló rọ ẹ̀gbà ọrùn Freyja, àti pé òru kan lọ́dọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ló san láti gbà á. Àwọn Kristẹni ló kọ ọ́, wọ́n sì fẹ́ bu ẹ̀tẹ́ lù ú, ṣùgbọ́n iye náà wúlò fún aránṣọ. Ṣe ìlà mẹ́rin, kí ìlà kọ̀ọ̀kan jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ aràrá kan: amber, oje igi àtijọ́ tó ti le bí òkúta, lókè, carnelian, òkúta pupa tí iná ń là kọjá, tẹ̀lé e, ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì tẹ̀lé ìyẹn, kí èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá jẹ́ irin aláwọ̀ wúrà. Wọ́n ń rí gbogbo wọn nínú sàréè obìnrin ìgbà náà. Inú òkun Baltic ni amber ti ń wá. Ní Ribe, ní Denmark, wọ́n ti ń yọ́ gíláàsì ṣe ìlẹ̀kẹ̀ láti ọ̀rúndún kẹjọ. Carnelian wá láti ìhà ìlà-oòrùn tó jìnnà, ọwọ́ oníṣòwò kan sí ọwọ́ òmíràn ló gbà dé Birka.

Gé ọ̀gbọ̀ tó nípọn ní ìrísí òṣùpá lé, kó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà márùn-ún níwájú, kó sì tẹ́ẹ́rẹ́ bọ̀ lẹ́yìn ọrùn. Orí rẹ̀ ni kó o rán ìlẹ̀kẹ̀ mọ́. Tí ìlà òkè bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 40, tí ìlà kọ̀ọ̀kan sì fi sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà gùn ju èyí tó wà lókè rẹ̀ lọ, gbogbo rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 196. Ìlẹ̀kẹ̀ oní mìlímítà mẹ́jọ bí 245 ló máa gbà. Ra 260, torí àwọn kan á fọ́. Òwú rẹ kó jẹ́ èyí tí wọ́n fi ń rán awọ, kó o sì máa so kókó lẹ́yìn ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta, kí ọ̀kan má bàa já kí gbogbo wọn dà sílẹ̀. Lẹ́yìn ọrùn, ìkọ́ kan ṣoṣo tó rọrùn láti tú ni kó o fi sí i. Tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ bá fẹ́ ṣe ìtàn Thrym ní eré, wàá lè mí kanlẹ̀ kí ẹ̀gbà ọrùn náà sì já bọ́ láìfọ́.

O béèrè nípa iyùn. Iyùn lẹ́wà, ṣùgbọ́n mi ò ní fi í síbí. Àwọ̀ rẹ̀ rọ̀ ju ti carnelian lọ, iná ò sì là á kọjá. Ẹ̀gbẹ́ amber ló máa dàbí pé ó ti ṣá. Èyí tí mo fẹ́ kó o béèrè lọ́wọ́ màmá tàbí ìyá àgbà ni bóyá lántànà wà nínú ẹrù wọn, òkúta pupa tí àwọn ará Ìlọrin máa ń lọ̀ láyé àtijọ́, tí wọ́n sì ń lu ihò sí. Ẹbí kan náà ni òkúta yẹn pẹ̀lú carnelian. Tó o bá rí díẹ̀, àní mẹ́wàá péré, to wọ́n sí àárín ìlà kejì níbi tí gbogbo ojú máa kọ́kọ́ bà lé. Carnelian lásán ni kó o rà kún un. Obìnrin tó ń kọjá láàárín àwọn èèyàn tí kò mọ̀ rí, ìlẹ̀kẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn yẹ ẹ́ lọ́rùn.

Nítorí pé ọrùn ti kún, fi àárín bùróòṣì méjèèjì sílẹ̀ pẹ̀lú okùn ìlẹ̀kẹ̀ kan ṣoṣo, èyí tó kéré. So kọ́kọ́rọ́ méjì mọ́ ìbàdí, irin, kó máa dún bó o ṣe ń rìn. Ewì ní kó dún.

Ẹ̀wù ìyẹ́ ni iṣẹ́ tó máa gbà ẹ́ lákòókò jù, ó sì lè jẹ ẹ́ lówó tó ò bá ṣírò rẹ̀. Ẹ̀wù tó wálẹ̀ dé kókósẹ̀ máa gba ìyẹ́ bí 500, wàá sì rí bí àgbébọ̀ tí òjò pa. Èjìká nìkan ni kó o bò. Gé wúùlù aláwọ̀ eérú ní ìdajì òbìrìkìtì, kó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 45 láti àárín dé etí. Sàmì sí ọ̀wọ́ mẹ́rin, kí ọ̀wọ́ kan fi sẹ̀ǹtímítà mẹ́jọ jìnnà sí èkejì. Tí ìyẹ́ bá gùn ní sẹ̀ǹtímítà 16, tó sì fẹ̀ ní márùn-ún, ọ̀wọ́ ìsàlẹ̀ á gba 28, èyí tó tẹ̀lé e 23, lẹ́yìn náà 18, tòkè á gba 13. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 82. Ìsàlẹ̀ ni kó o ti bẹ̀rẹ̀, kó o máa rán lọ sókè, kí ọ̀wọ́ tòkè máa bo ìdí ìyẹ́ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ibi méjì ni kó o ti rán ìyẹ́ kọ̀ọ̀kan mọ́lẹ̀, ní ìdí rẹ̀ àti ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta sísàlẹ̀. Tó bá jẹ́ ibì kan ni, ìyẹ́ náà á máa yí pọ̀ nínú afẹ́fẹ́.

Má wá ìyẹ́ àṣá gidi o. Òfin Britain dáàbò bo ẹyẹ wọ̀nyẹn. Ìyẹ́ tòlótòló tí àwọ̀ rẹ̀ pín ní ìlà-ìlà jọ apá àṣá púpọ̀ téèyàn bá dúró ní ìṣísẹ̀ méjì sí i, ìyẹ́ awó sì dára fún ọ̀wọ́ òkè nítorí tótòtó ara rẹ̀. Tó ò bá fẹ́ ìyẹ́ rárá, gé e láti ara wúùlù tó nípọn ní àwọ̀ eérú mẹ́ta, kó o rán ìlà kan sí àárín ìkọ̀ọ̀kan bí egungun ìyẹ́. Èmi fẹ́ràn oníwúùlù yìí ju gidi lọ fún York, torí pé òjò ò ní bà á jẹ́, á sì tún mú ẹ móoru. Lábẹ́ rẹ̀, tí òtútù bá le, da aṣọ ìbora wúùlù tó gùn bò ara.

Irun rẹ wá kù. Àwọn ère fàdákà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, irú èyí tí wọ́n rí ní Hårby ní Denmark lọ́dún 2012, fi obìnrin hàn tí irun rẹ̀ di kókó lẹ́yìn orí, tí ìyókù sì rọ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́. Irun dídì ló máa ń ṣe kókó yẹn dáadáa jù lọ. Di irun rẹ kéékèèké, kó gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn, ta á ní kókó kan ní ìpàkọ́, kí ìyókù wálẹ̀. Fi okùn wúùlù búlúù kan wé ìdí kókó náà. Má fi ìlẹ̀kẹ̀ tàbí òrùka wúrà sí irun. Ọrùn ló ni wúrà.

Omijé rẹ̀, Snorri ní wúrà pupa ni, ó sì dáa fún wa bẹ́ẹ̀: lára àwọ̀ dúdú, bàbà àti wúrà pupa máa ń tàn ju wúrà yẹ́lò lọ. Ojú kan ni kó o fi sí, ìlà kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ láti igun inú ojú dé àárín ẹ̀rẹ̀kẹ́, kí ó parí pẹ̀lú ẹ̀kán kan. Tó o bá fi sí ojú méjèèjì, ó di ìlà ojú, àwọn èèyàn ò ní rántí ẹkún mọ́. Lẹ́búlẹ́bù dídán tí wọ́n ṣe fún ojú ni kó o lò. Èyí tí wọ́n ń tà fún iṣẹ́ pépà àti káàdì lè ha ẹyinjú.

Bàtà aláwọ tí kò ní síìpù ti tó, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ wúùlù. Tó o bá ráyè, lọ wo ìbọ̀sẹ̀ tí wọ́n rí ní Coppergate nínú musíọ́ọ̀mù tó wà níbẹ̀.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kó o fọkàn sí gidigidi. Àwọn tó ń ta nǹkan Viking máa fẹ́ fi àmì oríṣiríṣi bá ẹ ṣe aṣọ lọ́ṣọ̀ọ́. Vegvísir, àmì tó jọ atọ́nà tó ń fọ́n ẹ̀ka ká, inú ìwé kan tí wọ́n kọ ní Iceland lọ́dún 1860 ló ti wá, kò sí lára aṣọ Viking kankan. Èyí kò léwu, ó kàn jẹ́ tuntun ni. Àwọn kan léwu: ìjọba Násì ti Jámánì gba mélòó kan nínú rune, lẹ́tà tí àwọn ará ibẹ̀ fi ń kọ̀wé láyé àtijọ́, pàápàá sig onílà méjì àti othala, wọ́n sọ wọ́n di tiwọn, àwọn tó kórìíra wa sì ṣì ń gbé wọn kiri. Má rán wọn sára. Tó o bá fẹ́ iṣẹ́ ọnà, ológbò tí wọ́n gbẹ́ sára kẹ̀kẹ́ Oseberg wà, èyí tí wọ́n hú jáde ní Norway pẹ̀lú ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n fi sin obìnrin méjì lọ́dún 834. Fi òwú eérú kọ́ ọ sí etí gáùn, kékeré, níbi tí ẹni tó bá tẹ̀ ba nìkan á ti rí i. Ológbò kan ṣoṣo tí mo gbà nìyẹn.

Bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ màmá lónìí, torí pé aró àti ìfiránṣẹ́ láti Abẹ́òkúta ló máa pẹ́ jù. Bí o ṣe ń dúró, rán gáùn, kó o máa to ìlẹ̀kẹ̀ lálẹ́. Ìyẹ́ ni kó gbẹ̀yìn. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá pé, wọ̀ ọ́ fún odidi wákàtí méjì nínú ilé: jókòó, gun àtẹ̀gùn, jẹun, gbé ọwọ́ sókè bí ẹni fẹ́ di òpó bọ́ọ̀sì mú. Ibi tí ó bá ti fà tàbí tí ó bá ti ha ọrùn, tú u kó o tún un rán. Lẹ́yìn náà, mú yanrìn díẹ̀, fi ha ìṣẹ́tí gáùn nìkan títí á fi ṣá bí aṣọ ẹni tó ti rìn jìnnà. Ya àwòrán iwájú àti ẹ̀yìn ránṣẹ́ sí mi kó o tó rán ìyẹ́ ọ̀wọ́ òkè, kí n lè wò ó bóyá Brisingamen ṣì hàn dáadáa.